Omi Tí Ń Rìn Kì Í Dì

Ìbọ̀wọ́ kan ni Ìbíwùmí ti wọ̀ ní iléeṣẹ́ Agbọ́mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ èkejì, nígbà tí Etí-Omi tó lẹ̀ mọ́ páìpù lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ la ohùn.

“Òrùka Kẹta. Omi ò rìn mọ́.”

Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀, ó ká ìborùn kúrò létí, ó gbé etí lé páìpù. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe Agbọ́mi, kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ ohun tí kò lẹ́nu gbọ́ rí láìtún un gbọ́ fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá gbé etí síbẹ̀, ó máa ń gbọ́ omi bí ẹni ń gbọ́ àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì: o ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ilé ò ṣófo. Láàárọ̀ yìí, yàrá kejì ṣófo.

“Láti ìgbà wo?”

“Wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“O sì panu mọ́.”

“Mo ń dúró kó dá mi lójú.”

“Ọ̀gìnnìtìn náà ń dúró dè ẹ́, àbí?”

Etí-Omi ò tóbi ju ìkarahun ìgbín lọ, ó sì ká bíi tirẹ̀, dúdú, tútù. Kò lójú. Ohun tó bá gbọ́ nìkan ló mọ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ Agbọ́mi ló wà.

“Orúkọ ilé tó dá omi dúró,” ni Etí-Omi wí, “kí oòrùn tó kan orí Àpáta Arúgbó. Bí omi bá ti ń rìn nígbà náà, ilé kan náà ni màá gé. Bí kò bá rìn, gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni màá gé, títí di àkọ́rọ̀ òjò.”

“Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lófin yẹn. Má kọ́ mi.”

Ó já Etí-Omi kúrò lára páìpù, ó sọ ọ́ sápò, ó gbé sípánà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọ̀gìnnìtìn dúró lójú pópó bí onílé. Èémí ọmọ ènìyàn ń jáde lẹ́nu bí èéfín, ó ń já sílẹ̀ ní wóóro wóóro. Níwájú ìlú, àwọn òpó irin tí àwọn baba ńlá gbé táńkì lé ṣì dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n gbé omi sókè nígbà ayé tiwọn kó lè fi agbára sọ̀kalẹ̀, wọ́n na páìpù sára ògiri níta gbangba, wọn ò rì í sílẹ̀ ju ìka mélòó kan lọ. Ta ni ìbá sọ fún wọn pé omi lè di òkúta? Táńkì wọn ti bẹ́ láti ìgbà láéláé, yìnyín sì ti gun àwọn òpó náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó na ẹ̀ka, ó na ìtàkùn, ó dàbí igbó kan tí wọ́n fi dígí gbìn. Bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣe kàn án, gbogbo igbó náà gbiná láìjó. Ojoojúmọ́ ni Ìbíwùmí ń rí i, ojoojúmọ́ ló sì máa ń dúró díẹ̀. Lónìí kò dúró. Ó sáré.

“Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, Agbọ́mi,” obìnrin ilé kẹrìnlá kí i láti ojú fèrèsé. “Omi ń rìn bí?”

“Bó bá ń rìn, ṣé màá máa sáré?”

Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ń ṣàn sínú agbada, agbada sì ń fà á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sílé tó kàn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe so kọ́ ní gbogbo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún tó wà lórí Òrùka Kẹta. Ó fi wọn omi náà. Ó nípọn tó ìgbálẹ̀, kò dín, kò lé. Ilé kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń rìn. Ilé kẹrìndínlógún, ó ń rìn. Ó fo ọ̀kan, ó bọ́ sí ilé kejìdínlógún, tí onílé rẹ̀ ti lọ sí etí òkun láti ọdún méjì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Agbọ́mi. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ là kalẹ̀ gbayawu bó ṣe yẹ kó là, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jáde. Agbada gbẹ.

Ó dúró láàárín ọ̀nà. Ìṣirò náà ò le. Kẹrìndínlógún ń ṣàn, kejìdínlógún gbẹ.

Ilé kẹtàdínlógún tó fò yẹn, ilé òun fúnra rẹ̀ ni. Ta ní ń yẹ ilé Agbọ́mi wò?

Ìyá Àwẹ̀ró ló bá nínú ilé náà, ó jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀rọ omi, aṣọ mẹ́ta lọ́rùn, ojú rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ti ṣe ilé lóore. Ó ti yí orí ẹ̀rọ omi náà de ibi tó lè yí dé, ó sì tún fi àkísà di ẹnu rẹ̀ pinpin bí ẹni di ẹnu àpò gààrí.

“Àníkẹ́ mi, o ti dé.” Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbíwùmí ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n mú un wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí kò sí yìnyín, tí kò sì sí omi. “Mo bá ẹ pa á. Ó ń dà láti ọjọ́ tí mo ti dé.”

“Ìyá, kí ni mo sọ fún yín nípa ẹ̀rọ omi yìí?”

“O ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ ọ́?”

“Láràárọ̀. Àti lálaalẹ́.” Ìyá ò jiyàn. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi ìrọ̀rí di etí. Bí o ṣe jáde láàárọ̀ yìí ni mo tún gbọ́ ọ, tó, tó, tó, bí ẹni ń fi ìka kàn mí lágbárí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, láti àkùkọ ìdájí títí oòrùn yóò fi yọ ni a fi ń rìn nítorí ìkòkò omi kan. Ìyá rẹ yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ kan, ó dà á nù. Lọ́jọ́ náà ẹnikẹ́ni ò wẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sebẹ̀. Àníkẹ́, mo mọ òfin yín. Orí mi gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ni ò gbọ́.”

Ìbíwùmí tú àkísà, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Omi jáde. Ó bọ́ sínú agbada, agbada gbà á, ó ń kún. Kò fà. Ó kún dé ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀.

“Kí ló dé tí kò lọ?” ni Ìyá béèrè.

“Ó ti dì lọ́nà.”

“Kí ló dì?”

“Omi, Ìyá. Omi ló dì.”

Ìyá Àwẹ̀ró wo agbada, ó wo ilẹ̀ tó ń tutù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Kí ni wọn á ṣe fún ẹni tó fà á?”

Ìbíwùmí ti gé ilé mẹ́ta rí. Ìdérí irin ló máa ń fi dé ẹnu páìpù wọn, á fi sípánà yí i, á yí padà, á lọ. Agé-má-bojú-wẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Ilé tí a bá gé kì í rí omi gbé kaná títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Alágbára lè là á já. Arúgbó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ò lè là á já.

“Ẹ wọ bàtà,” ló wí. “Ẹ jókòó sílé.”

Bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn, Bàbá Lájùwọ̀n ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kẹsàn-án ni tirẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn, nítorí pé ọ̀gìnnìtìn ọdún tó kọjá jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí Ìbíwùmí gé ilé rẹ̀. Ó yọjú wo inú ilé, ó rí àkísà nílẹ̀, ó rí agbada tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀.

“Ọ̀gá Agbọ́mi,” ó ní, “ẹ̀rọ omi tìrẹ náà máa ń dákẹ́? Mo rò pé àwa tálákà nìkan ni tiwa ní ẹnu tó ṣeé dì.”

“Bàbá, ẹ bú mi bó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú omi lọ.”

“Ta ló bú ẹ? Mo béèrè ni.”

Láàárín ilé Ìbíwùmí àti kejìdínlógún, ilẹ̀ là sí àfonífojì tóóró kan, páìpù sì gba ojú òfurufú kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n fi èèpo àgbọn wé e lé e, wọ́n fi awọ màlúù bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwé ò wúlò fún omi tó bá dúró. Ọ̀gìnnìtìn ti kọjá gbogbo rẹ̀ wọnú. Àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ ti péjọ síbẹ̀, ilé mẹ́fà, tọmọdé tàgbà. Akínlàjà, ọkùnrin ilé kọkàndínlógún, ti gbé iná gáàsì dé, ó ti fẹ́ máa jó àárín páìpù.

“Gbé iná yẹn kúrò kí n tó fi sípánà bá ẹ sọ̀rọ̀.”

“Oòrùn ń bọ̀, Agbọ́mi. Ṣé ká máa wò ó ni?”

“Tí o bá yọ́ àárín nígbà tí ẹnu ṣì dì, omi tó yọ́ á wá ibi gbà. Kò níí rí. Á fọ́ páìpù, wàá sì lọ ṣàlàyé fún ọmọ rẹ títí di àkọ́rọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi kejìdínlógún la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ tú awọ, ẹ tú èèpo, ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Omi gbígbóná ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tó ń hó. Èyí tí ọwọ́ lè gbà.”

Ìgbà tó sọ ọ́ ni wọ́n rántí bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe rí. Ilé Ìgbóná, níbi tí ìlú ti ń se omi, wà lókè, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì ti di yìnyín tó ń dán bí àwo. Wọ́n ti ọmọlanke gòkè. Ó yọ̀ padà pẹ̀lú omi, ó kọlu ògiri, ó dojú dé. Àwọn géńdé gbé péèlì lọ́wọ́. Èkínní ṣubú, èkejì ṣubú lé e, omi gbígbóná ta sílẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi di yìnyín tuntun lórí ògbólógbòó. Akínlàjà fi ìdí gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ nígbà tó rójú rẹ̀. Lórí Àpáta Arúgbó, òkùnkùn ti ń fà sẹ́yìn.

Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti gbóhùn.

“Ta ló kọ́ yín láti máa fọwọ́ gbé omi?”

Ìyá Àwẹ̀ró ni. Kò jókòó sílé. Ó ti fi àkísà tó di ẹnu ẹ̀rọ omi wé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó ya ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ kan wé tòsì. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó lọ́ ọ, ó ká a ní òṣùká, ó gbé e karí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ ò rí òṣùká rí láyé wọn. Ó gòkè lọ. Kò pẹ́, wọ́n rí i tó ń bọ̀, péèlì lórí, ọwọ́ méjèèjì gbọ̀jẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọrùn le, ìdí nìkan ló ń mì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ nínú àkísà, ó ń rí i. Omi ò ta sílẹ̀, kódà ẹ̀kán kan. Èéfín omi tó ń ti inú péèlì jáde bo ojú rẹ̀, ó ń rìn bọ̀ nínú ìkùukùu ara rẹ̀.

Gbogbo wọn lanu. Ìbíwùmí náà lanu. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé Ìyá ru omi rí. Kò mọ̀ pé báyìí ni.

“Ẹ má wo ilẹ̀,” ni Ìyá wí bó ṣe sọ péèlì. “Ilẹ̀ mọ ibi tó wà. Iwájú ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tú gèlè.”

“Ọkùnrin ńkọ́?” ni Akínlàjà béèrè, tó ń fọwọ́ pa ìdí.

“Ìwọ náà lórí. Wá kí n ká òṣùká fún ẹ.”

Wọ́n tò. Láti Ilé Ìgbóná dé àfonífojì, orí ń bọ̀ tẹ̀lé orí, èéfín ń gòkè lórí gbogbo wọn. Ìbíwùmí ń gba omi, ó ń dà á sára aṣọ páìpù, láti ẹnu kejìdínlógún, ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ kan, ó ń padà sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Bàbá Lájùwọ̀n jókòó sórí òkúta nínú kejìdínlógún, ó gbójú lé ẹ̀rọ omi, òun ló ń ké jáde.

“Kò tíì sí.”

Péèlì ogún. “Kò tíì sí.”

Oòrùn ti kan èjìká Àpáta Arúgbó.

“Bàbá?”

“Dúró ná.” Ó tẹ́tí. “Ó ń sọ̀rọ̀.”

Ìbíwùmí fi etí lé páìpù tó rin fún omi. Ó gbọ́ ọ: ọ̀wọ̀n yìnyín kan tó gùn tó igi òrùlé ń sún nínú páìpù, ó ń lọ gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni tó jí lójú oorun tó ń wá ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bó ṣe fọ́. Ó gbọ́ omi tó kọjá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, gbogbo àgbà inú yàrá kejì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti ibi tí wọ́n dá a dúró.

“Kejìdínlógún, ó dé,” ni Bàbá Lájùwọ̀n ké.

Akínlàjà sáré lọ sílé pẹ̀lú òṣùká lórí. “Kọkàndínlógún, ó dé.” Lẹ́yìn náà ogún. Lẹ́yìn náà kọkànlélógún, ohùn ọmọbìnrin kan. Ohùn ń lọ sísàlẹ̀ òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kéré sí i, títí ohùn tó kẹ́yìn fi dé bí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn: kẹrìnlélógún, ó dé. Ìyá Àwẹ̀ró tẹ́ ọwọ́ sétí, ó ń gbọ́ ìrìn omi lẹ́nu àwọn ènìyàn.

“Òrùka Kẹta,” ni Etí-Omi wí láti inú àpò Ìbíwùmí. “Omi ń rìn. Orúkọ ilé.”

Oòrùn wà lórí àpáta.

Gbogbo wọn yíjú sí Ìbíwùmí. Akínlàjà ti padà dé, ó súnmọ́ ọn, ó fi ọwọ́ bo àpò tí Etí-Omi wà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Kejìdínlógún ṣófo. Pè é. Kò lójú, kí ló mọ̀? Àwa ò níí sọ.”

Àwọn tó kù mi orí. Òótọ́ ni, wọn ò níí sọ. Wọ́n ti rí ìyá náà.

Bàbá Lájùwọ̀n nìkan ni kò mi orí. Ó ń wo bàtà rẹ̀, èyí tó fi òwú di iwájú rẹ̀. Ìbíwùmí rántí ohun tí ọkùnrin náà wí fún un ní ọdún tó kọjá, lórí eékún, nígbà tí ó ń yí ìdérí irin: Agbọ́mi, bi mí ní ìdí tí mo fi pa á. Òun sì dáhùn pé Etí-Omi kì í béèrè ìdí.

“Ilé kẹtàdínlógún,” ni Ìbíwùmí wí. “Ilé Agbọ́mi.”

“Mo gbọ́. Gé e.”

Fúnra rẹ̀ ló gé e. Ó so páìpù kẹrìndínlógún mọ́ ti kejìdínlógún kí omi lè fo ilé òun, ó gbé ìdérí irin lé ẹnu tó kù, ó yí i. Ilé náà dákẹ́. Ìyá Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo tó gbé wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀.

“Bàbá Lájùwọ̀n,” ni Ìbíwùmí wí láìgbójú sókè, “kí ló dé tí ẹ fi pa á lọ́dún tó kọjá?”

“Ìyàwó mi ń ṣàìsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí oorun sùn nítorí tó, tó, tó yẹn. Mo ní kó kàn sùn wákàtí kan.” Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. “Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé ẹrù.”

“Òfin ńkọ́?”

“Òfin wo? Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ iléèwé, ibo ló ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ẹni tí wọ́n gé sílé? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, kò kàn sẹ́ni tó pè wá ni.”

Ìbíwùmí gbé ẹrù.

Ní ilé kẹsàn-án, ìyàwó Bàbá Lájùwọ̀n sùn lórí àkéte, ó ń hanrun. Ẹ̀rọ omi là kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, kò sì sí ìró kankan. Okùn òwú funfun kan ló so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi náà, ó gùn dé inú agbada. Omi gba ara okùn náà sọ̀kalẹ̀, nípọn bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ó ń dán, kò kán, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbíwùmí ti rí okùn yẹn lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló pàṣẹ kí wọ́n tú ìdọ̀tí yẹn kúrò.

“Ẹ ní ẹ máa tú u,” ló wí.

“Mo parọ́,” ni Bàbá Lájùwọ̀n dáhùn.

Ìyá Àwẹ̀ró ti jókòó níwájú ẹ̀rọ omi náà. Ó na ọwọ́. Sípánà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìbíwùmí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ arúgbó náà ò dé orí ẹ̀rọ omi. Ara okùn ló dúró sí, ìka kan ṣoṣo, omi sì yà yí ìka náà ká, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

“Àníkẹ́,” ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà jí ẹni tó sùn, “ta ló ń pọn ọ́n?”

“Kò sẹ́ni tó ń pọn ọ́n, Ìyá.”

“Kò sẹ́ni.” Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó yọ ìka rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, ó sì ń wo omi.